Bẹ́ ẹ ṣe lè kó àwọn oníṣẹ́ láptọ́ọ̀pù kúrò ní Àkúrẹ́ lọ sẹ́yìn odi, kí iṣẹ́ ẹnì kankan má bàjẹ́

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó wà ní Àkúrẹ́ báyìí, láti Ìjàpọ̀ dé Ọ̀bà-Ilé dé ẹnu géètì FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀, orí láptọ́ọ̀pù ni wọ́n ti ń jẹun. Ọ̀gá wọn wà ní London, klíáǹtì wọn wà ní Texas, àwọn jókòó sílé, wọ́n ń kọ kóòdù, wọ́n ń ya dìsáìn, wọ́n ń dá kọ́sítọ́mà lóhùn. Ẹni tó bá ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí fúngbà díẹ̀, ó máa tó bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé tó bá jẹ́ iná àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì nìkan ni mo nílò, kí ló dé tí mi ò lè ṣe é láti Accra tàbí Kigali? Ó ṣeé ṣe o. Àwọn èèyàn ń kóra wọn jọ, bíi mẹ́fà bíi mẹ́jọ, wọ́n á háyà ilé kan, wọ́n á lo oṣù kan níbẹ̀, wọ́n á tún ṣí lọ sí ìlú mìíì. Èmi ni mo máa ń kó tiwa, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe olórí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni mò ń kọ èyí fún.

Ẹ jẹ́ ká yanjú nǹkan kan ná. Olórí ẹgbẹ́ yìí kì í ṣe ẹni tó ń mú èèyàn lọ gbáfẹ́. Iṣẹ́ yín ni pé kí ẹnikẹ́ni má pàdánù klíáǹtì ẹ̀ torí pé ó tẹ̀ lé yín. Etí òkun, àwòrán, ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù ti Ghana, gbogbo ìyẹn dáa, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá lé lẹ́nu iṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kejì ò ní gbádùn ìkankan nínú ẹ̀, ẹ̀yin náà ò sì ní lójú láti wo ìyá ẹ̀ tẹ́ ẹ bá padà dé.

Ẹ mọ irú ẹni tẹ́ ẹ ń kó

Ẹ má kó ju èèyàn mẹ́jọ lọ. Mẹ́fà ló dáa jù lójú tèmi, torí tó bá ti kọjá mẹ́jọ, ilé tó máa gbà yín á wọ́n, ilé náà á sì pín sí méjì kí oṣù tó parí.

Kí ẹnikẹ́ni tó sanwó, ẹ jókòó tì í, ojúkojú ni o, kì í ṣe lórí Wọ́ọ̀sápù. Ẹ bi í pé aago mélòó sí aago mélòó ló fi ń ṣiṣẹ́, àti pé ọjọ́ wo ni ìpè ń wọlé jù. Lẹ́yìn náà ẹ bi í bóyá ọ̀gá ẹ̀ mọ̀ pé ó ń kúrò ní Nàìjíríà. Èyí ṣe pàtàkì gan-an, ilé iṣẹ́ wà tó kọ ọ́ sínú àdéhùn pé orílẹ̀-èdè kan pàtó ni òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ ti máa wọlé sórí ẹ̀rọ wọn, nítorí ọ̀rọ̀ owó orí àti ààbò ìsọfúnni àwọn kọ́sítọ́mà, tí wọ́n bá wá rí i pé ibòmíì lo ti ń wọlé, wọ́n lè ti àkáǹtì ẹ pa láàárọ̀ ọjọ́ kan láìbi ọ́ léèrè. Kó kọ ímeèlì sí ọ̀gá, kí ọ̀gá dáhùn, kó tọ́jú èsì yẹn. Ẹni tó bá ní wọn ò ní mọ̀, òun á mọ̀ ọ́n rìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀ sí Àkúrẹ́.

Ọ̀rọ̀ owó náà wà níbẹ̀. Ṣé owó tó máa jẹ fún oṣù mẹ́ta wà nílẹ̀ bí klíáǹtì ò bá tiẹ̀ san kọ́bọ̀? Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́, tí wọ́n ṣì ń dán wò, kó dúró kí wọ́n fún un ní létà ná.

Ẹ kọ́kọ́ dán an wò nítòsí ilé

Mi ò mọ nǹkan tó ń gba èèyàn lọ́wọ́ wàhálà tó èyí. Ẹ háyà ilé kan ní Ìdànrè fún ọ̀sẹ̀ kan, kì í ṣe ilé ẹnì kankan nínú yín o, kí gbogbo yín kó láptọ́ọ̀pù wá, kẹ́ ẹ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ bíi pé ẹ ti wà lẹ́yìn odi. Wọ́n á múná lọ. Ẹ máa wò ó, ta ló máa dìde lọ ra epo, ta ló máa jókòó tó máa ní jẹnẹrétọ̀ ò tíì dún? Ta ló ń pariwo lórí fóònù ní aago kan òru nígbà tí ẹlòmíì ń sùn?

Arábìnrin kan wà nínú wa tó jẹ́ pé kọ́sítọ́mà ló ń dá lóhùn. Ó wà lórí ìpè pẹ̀lú òyìnbó kan, ó rọra ń bá a sọ̀rọ̀, òyìnbó ti bínú tẹ́lẹ̀, àfi bí ìyá oníbùkà tó wà lẹ́yìn fèrèsé ṣe gbé odó kalẹ̀ tí iyán bẹ̀rẹ̀, gbì, gbì, gbì. Ó fi ọwọ́ kan bo máìkì, ó ń fi èkejì juwọ́ sí wa, ìyá náà ò rí i, iyán èèyàn ogún ni wọ́n ń gún. Ìjókòó yẹn la ti mọ̀ pé kí á tó háyà ilé, a gbọ́dọ̀ béèrè ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀: bùkà, ẹ̀rọ ìlọta, ṣọ́ọ̀ṣì tó ń ṣe ìṣọ́ òru, ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi. Onílé ò ní sọ ọ́ fún yín tẹ́ ẹ ò bá béèrè.

Ní Sátidé, ẹ gun Òkè Ìdànrè. Àtẹ̀gùn ẹ̀ ju 600 lọ, ibẹ̀ lẹ ti máa rí ẹni tó ń dúró de ẹlòmíì àti ẹni tó ń sáré lọ nìkan, ẹ fi sọ́kàn nígbà tẹ́ ẹ bá ń pín yàrá.

Ìwé ìrìnnà

Ẹ gba páálí, ìyẹn páásípọ́ọ̀tù, gbogbo wọn wò, kó ṣì ní ju oṣù mẹ́fà lọ kó tó parí. Tó bá kù díẹ̀ kó parí, kónítọ̀hún tètè lọ sí ọ́fíìsì ìmígíréṣọ̀n ní Àkúrẹ́, kó má dúró dìgbà tẹ́ ẹ ti san owó ilé.

Àwa ọmọ ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, lè wọ orílẹ̀-èdè tó wà nínú ẹgbẹ́ náà láìgba físà, ká sì lo 90 ọjọ́: Benin, Tógò, Ghana, Ivory Coast, Senegal àti àwọn tó kù. Mali, Burkina Faso àti Niger ti jáde nínú ẹgbẹ́ náà ní January 2025, ẹ má fi ohun tẹ́ ẹ gbọ́ nígbà kan ṣètò lọ síbẹ̀. Ẹ sì jẹ́ kó yé gbogbo ẹgbẹ́ pé àlejò ni 90 ọjọ́ yẹn sọ yín dà. Iṣẹ́ ọ̀gá yín tó wà níta lẹ̀ ń bá lọ, ẹnikẹ́ni má lọ máa wáṣẹ́ ṣe fún ará ìlú tẹ́ ẹ bá dé.

Káàdì yẹ́lò fífà, kí gbogbo yín gba abẹ́rẹ́ ẹ̀ ní ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú ọjọ́ ìrìnàjò, torí ẹ̀yìn ọjọ́ mẹ́wàá yẹn ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré lèèyàn ń gbà á láyé. Ẹ má rà á ní gáréèjì. Bébà lásán ni wọ́n ń tà fún yín níbẹ̀, kò ní dá àìsàn dúró.

Ìlú tẹ́ ẹ máa dé, àti aago ibẹ̀

Fún ẹgbẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, Kútọnu ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ. Aago wọn ò yàtọ̀ sí tiwa, ẹ lè gbé mọ́tò dé ibẹ̀, tí Faransé bá sì ti sú yín, ẹ ráyè lọ sí Àjàṣẹ́ tàbí Sàkétè lópin ọ̀sẹ̀, Yorùbá lẹ máa bá wọn sọ. Láti ibẹ̀ ẹ lè gba etí òkun kọjá sí Lomé, kẹ́ ẹ dé Accra. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ jìnnà, ẹ wọ bàálù láti Èkó lọ Kigali, ọmọ orílẹ̀-èdè tó bá wà nínú African Union ń gba 30 ọjọ́ níbẹ̀ láìsanwó físà. Ẹ fi sọ́kàn pé Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, àárọ̀ ẹ̀, iṣẹ́ ìlú ni gbogbo Rwanda ń jáde ṣe, ṣọ́ọ̀bù á tì, ọkọ̀ á ṣọ̀wọ́n, torí náà ẹ má fi ọjọ́ yẹn ṣí ilé.

Ẹ ya aago sórí káádíbọ́ọ̀dù ńlá kan. Ghana àti Tógò fi wákàtí kan wà lẹ́yìn wa, Rwanda fi wákàtí kan ṣáájú, Kenya fi méjì. Ẹni tí ọ̀gá ẹ̀ bá wà ní New York, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọ̀gá yẹn, aago mẹ́ta ọ̀sán ni ní Àkúrẹ́ àti Kútọnu nígbà òtútù wọn, aago méjì ni ní Accra, aago mẹ́rin ni ní Kigali. Kí ọ̀gá tó ṣíwọ́ ní aago márùn-ún, ilẹ̀ ti ṣú biribiri ní Kigali, ó ti di aago méjìlá òru. Ẹ wá wò ó, ṣé ẹ lè fi onítọ̀hún sí yàrá kan náà pẹ̀lú ẹni tí ọ̀gá ẹ̀ wà ní London, tó gbọ́dọ̀ jí láàárọ̀? Nínú oṣù kẹta ẹ tún ṣọ́ra, Amẹ́ríkà máa ń yí aago wọn síwájú ní Sunday kejì, London ò ní yí tiwọn títí Sunday tó kẹ́yìn oṣù, àwa ò sì í yí tiwa rárá. Àwọn ọ̀sẹ̀ tó wà láàárín yẹn lọ̀pọ̀ èèyàn ń pẹ́ dé mítìn.

Ẹ má lo ohun tó dín ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níbì kan. Sátidé nìkan ni kẹ́ ẹ máa ṣí, kí Sunday wà fún tító nǹkan sílẹ̀ àti dídán nẹ́tíwọ́ọ̀kì wò.

Ilé, iná, nẹ́tíwọ́ọ̀kì

Ibí lẹ máa lo agbára yín sí jù. Ẹ má gba àwòrán gbọ́, àwòrán bẹ́ẹ̀dì ò ní gbé mítìn. Ẹ ní kí onílé ṣe fídíò fún yín ní aago mẹ́jọ alẹ́, nígbà tí gbogbo àdúgbò ń wo fíìmù, kó fi hàn yín lójú ibi tí ìwọ̀n nẹ́tíwọ́ọ̀kì dé. Àwọn tó pọ̀ máa ń wo ti ohun tó ń wọlé (download) nìkan, ti ohun tó ń jáde (upload) ló ń da fídíò kọ́ọ̀lù rú. Ẹ ṣírò ẹ̀ sí 4 Mbps tó ń jáde fún ẹnì kan tó wà lórí fídíò, tẹ́ ẹ bá jẹ́ mẹ́jọ tí mẹ́rin lè wà lórí ìpè lẹ́ẹ̀kan náà, 20 Mbps tó ń jáde máa gbé yín. Kí onílé sì sọ bóyá dátà náà ní ibi tó máa dé tí wọ́n á dín in kù, torí "anlímítẹ́ẹ̀dì" ẹlòmíì, ọjọ́ kẹwàá oṣù ló ti ń wọ́lẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kejì. Ní March 14, 2024, wáyà abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan, mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, Nàìjíríà, Ghana, Benin, Ivory Coast, gbogbo wọn ló kàn, áàpù báńkì ò ṣí, ìpè ò lọ. Ẹni tó ní sím mẹ́ta lọ́jọ́ náà lè má rí ọ̀kan lò, torí pé abẹ́ òkun kan náà ni ilé iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè máa gbà. Starlink, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń gba sátẹ́láìtì ojú ọ̀run wá, ò gba wáyà yẹn dé ọ̀dọ̀ yín, ó wà ní Nàìjíríà láti 2023, ó sì ti wà ní Benin, Ghana, Rwanda àti Kenya. Ilé tó bá ní i, àbí tí ilé tó ní i wà nítòsí ẹ̀ tẹ́ ẹ lè sanwó lọ jókòó sí, ẹ fi í ṣáájú èyí tó ní suwímíńpúùlù.

Iná ńkọ́? Ẹ béèrè bóyá ínfátà wà, kí ló ń gbé, fún wákàtí mélòó. Tí mítà bá jẹ́ ti àsansílẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọlé pé ta ló ń rà á, torí ibẹ̀ ni ìjà àwa àti onílé ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ ra UPS kékeré, bátìrì tó ń gbé iná dúró, tí wọ́n ṣe fún ráútà. Ó kéré, kò wúwo, tí iná bá ṣẹ́jú ẹ̀ẹ̀kan, ráútà ò ní kú, ìpè ò ní já. Benin, Tógò àti Ivory Coast, pílọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ róbótó méjì ni wọ́n ń lò, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tiwa ò lè wọ̀ ọ́, Ghana àti Kenya ń lo irú tiwa. Páwà báǹkì, ẹ má fi sínú báàgì tẹ́ ẹ ń kó sábẹ́ bàálù, ọwọ́ ni kẹ́ ẹ fi gbé e, kó má sì ju 100 Wh lọ, ìyẹn bíi 27,000 mAh. Ti 20,000 kò ní wàhálà.

Àga àti tábìlì náà o. Ẹni tó bá fi orí bẹ́ẹ̀dì ṣiṣẹ́ fún oṣù kan, ọrùn ẹ̀ á sọ fún un. Ẹ kà á kẹ́ ẹ tó sanwó, àga mélòó ló ní ẹ̀yìn, tábìlì mélòó ló ga tó, kẹ́ ẹ sì ya yàrá kan sọ́tọ̀ tó jẹ́ pé ìpè nìkan ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sùn sí i.

Owó

Owó àjọ kan, èèyàn méjì ló ń mójú tó o, kò gbọdọ̀ jẹ́ olórí nìkan. Owó ilé, dátà, iná, oúnjẹ ilé, inú ẹ̀ lẹ ti ń yọ ọ́, kẹ́ ẹ sì máa fi àkáǹtì ráńṣẹ́ sí gbogbo ẹgbẹ́ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sunday, pẹ̀lú fọ́tò rìsíìtì. Ẹnì kankan ò gbọdọ̀ yá nínú ẹ̀, ì báà jẹ́ ọjọ́ kan. Owó tí kálukú máa fi padà sílé, ẹ gbà á kẹ́ ẹ tó kúrò ní Àkúrẹ́, ẹ fi sí ọ̀tọ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án títí tó fi máa wúlò.

Owó iṣẹ́ tiyín gẹ́gẹ́ bí olórí, ẹ sọ ọ́ síta, ẹ kọ iye ẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má fi pamọ́ sínú owó ilé. Wọ́n máa rí i lọ́jọ́ kan, gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá sọ lẹ́yìn ìyẹn ò ní wọ̀ wọ́n létí mọ́. Kójú má sé kóhùn ó má yẹ̀ ni.

Benin, Tógò, Ivory Coast àti Senegal, owó sẹ́fà kan náà ni wọ́n ń ná, èyí tó bá ṣẹ́kù lọ́wọ́ yín ní Kútọnu ṣì wúlò ní Lomé. Sídì ni ti Ghana. Ṣùgbọ́n nǹkan tó ń dá àwọn èèyàn dúró jù ni kóòdù tí báńkì ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù. Kí sím Nàìjíríà yín máa wà nínú fóònù, kẹ́ ẹ ṣí rómíǹgì sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, kẹ́ ẹ sì sọ fún báńkì yín àti ibi tí klíáǹtì ń gba san owó pé ẹ ń rìnrìn àjò, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ owó á wà nílé, ebi á máa pa yín lójú ọ̀nà.

Ọjọ́ ẹnubodè

Ẹ má gbìyànjú àtàárọ̀ Àkúrẹ́ dé Kútọnu lọ́jọ́ kan náà. Ẹ sùn sí Èkó tàbí Àgbádárìgì, kẹ́ ẹ dé Sèmè ní kùtùkùtù. Tẹ́ ẹ bá háyà bọ́ọ̀sì, kí dírẹ́bà fi Brown Card ECOWAS hàn yín, ìyẹn ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ tó ń kọjá ẹnubodè.

Kálukú di páálí ẹ̀ àti káàdì ẹ̀ mú lọ́wọ́ ara ẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ kó ti gbogbo èèyàn jọ. Ẹ gba òǹtẹ̀ ìjáde lọ́dọ̀ tiwa, ẹ gba ti ìwọlé lọ́dọ̀ tiwọn, kẹ́ ẹ wo déètì tó wà lórí ẹ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò níwájú fèrèsé. Tí kò bá sí òǹtẹ̀, ọjọ́ tẹ́ ẹ máa jáde ni wọ́n á bi yín bẹ́ ẹ ṣe wọlé. Ẹ má gbé láptọ́ọ̀pù tó ṣì wà nínú páálí ẹ̀ lọ, kọ́sítọ́ọ̀mù á rò pé ọjà lẹ fẹ́ tà, èyí tẹ́ ẹ ti ń lò ni kẹ́ ẹ gbé, pẹ̀lú rìsíìtì. Ẹnì kan ṣoṣo ni kó máa sọ̀rọ̀, jẹ́jẹ́, "ẹ kú iṣẹ́ o, sà." Tí wọ́n bá béèrè owó, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní rìsíìtì, ẹ má pariwo, ẹ má sì ká fídíò.

Bẹ́ ẹ ṣe máa gbé pọ̀

Ẹ lẹ káádíbọ́ọ̀dù aago yẹn mọ́ pálọ̀, kí kálukú kọ wákàtí ìpè ẹ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ máa wà nígbà tí ẹni tó ju yín lọ bá ń gbé fíìmù sókè tí ọmọdé inú ilé wà lórí ìpè, ẹ má fi ojú ẹgbẹ́ bá a sọ ọ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, àbúrò yín wà lọ́dọ̀ klíáǹtì, ẹ jẹ́ á dín in kù díẹ̀." Ó máa dín in kù. Tó bá di ìjà, ẹ pe kálukú sí kọ̀rọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ má sọ ohunkóhun lórí Wọ́ọ̀sápù ẹgbẹ́, torí ohun tí wọ́n bá kà níbẹ̀ kì í tán.

Ẹni tó ṣiṣẹ́ òru, ẹ má fi ìdáná àárọ̀ sí i lọ́rùn. Jíjáde lọ ṣeré, kì í ṣe dandan fún ẹnikẹ́ni, àwọn kan fẹ́ dá wà ní Sátidé, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ẹ mọ ibi tí mọ́sálásí wà àti ṣọ́ọ̀ṣì, tó bá sì jẹ́ ààwẹ̀ Ràmàdáánì, ẹ jẹ́ kí kíṣìnì wà ní ṣíṣí fún sààrì. Ẹ gbé gàrí, èlùbọ́, irú àti ata gígún láti Ọjà Ọba, iṣu máa wà ní Ghana, kò sídìí tẹ́ ẹ fi máa gbé ìyẹn.

Ìlera: ẹ mọ ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín ní ọjọ́ kìíní gan-an, kẹ́ ẹ fi ẹsẹ̀ yín rìn débẹ̀. Ẹ kọ jẹ́nótáìpù, irú ẹ̀jẹ̀, oògùn tí kálukú ń lò àti nọ́ńbà ará ilé ẹ̀ sílẹ̀, kó wà lọ́wọ́ èèyàn méjì. Tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan lójú ọ̀nà, ẹ pè é lọ́jọ́ náà gan-an, kó yàn bóyá òun fẹ́ dúró wáṣẹ́ tàbí òun fẹ́ padà, owó ìpadàsílé tẹ́ ẹ gbà lọ́wọ́ ẹ̀ ṣì wà nílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, ẹ gbé fídíò tẹ́ ẹ ká ní ọjọ́ tẹ́ ẹ wọlé jáde, kẹ́ ẹ fi bá onílé yẹ ilé wò, kó dá owó ìdúró yín padà lójú yín kẹ́ ẹ tó kó kọ́kọ́rọ́ fún un. Ẹ fi Sátidé padà, kẹ́nì kankan má gba mítìn sí Monday àárọ̀. Ìṣirò tó kẹ́yìn, ẹ ṣe é nínú ọkọ̀, kẹ́ ẹ sì pín èyí tó bá ṣẹ́kù nínú owó àjọ kí bọ́ọ̀sì tó dé Ọ̀rẹ̀.